Àbẹ̀kẹ́, Kẹ̀kẹ́ Yẹn Ti Wúwo Jù fún Ọ

Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí àwòrán kẹ̀kẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó títí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí o ra irú èyí? Táyà rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sísàlẹ̀ gbangba pé kílò 32 ni, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1000, pé kò sí òkè tí kò lè gùn. Ìwọ tí àyà rẹ ń já láti gun kẹ̀kẹ́ lásán nínú pápá, òun lo fẹ́ lọ kó owó lé lórí, lọ́wọ́ ẹni tí o kò rí sójú, nítorí pé ó dínwó. Jókòó. Bu omi mu. Èmi àǹtí rẹ fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, mi ò sì ní kánjú.

Èyí tó dára ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Inú mi dùn pé o fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Láti ilé rẹ ní Peckham dé ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Denmark Hill, kò pé kìlómítà mẹ́ta. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá wọ bọ́ọ̀sì, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Camberwell Green nìkan tó láti ba òwúrọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, tó dúró lórí ẹsẹ̀ láti alẹ́, kò yẹ kó tún máa dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò. Ìrònú rẹ dára. Ohun tí o fẹ́ rà ni kò dára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ fún ìyá rẹ dùn mí. O ní ara rẹ kò gba kẹ̀kẹ́, pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọ nìyẹn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣé nítorí ìṣubú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni? Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. O ti dàgbà, Àbẹ̀kẹ́. Wẹ̀yìn wò dáadáa, kí o rí ohun tó gbé ọ ṣubú gan-an.

Bí o ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí: o háyà kẹ̀kẹ́ oníná ní ojú pópó, o gùn ún dé ibi iná adarí ọkọ̀, iná náà pupa, o dúró. O gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, o gbìyànjú láti dì í mú, ó wúwo ju ọwọ́ rẹ lọ, ó sì gbé ọ lulẹ̀. Orúnkún rẹ bó. Ṣé o gbọ́ ara rẹ? O ti dúró kí o tó ṣubú! Eré kọ́ ló mú ọ ṣubú, kì í ṣe pé o kò mọ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ háyà wọ̀nyẹn ń lọ sí kílò 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú òjò ni wọ́n ń sùn, gbogbo ayé ló sì ń gùn wọ́n, wọn ò lè ṣe wọ́n ní ẹlẹgẹ́. Bí ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ bá ti yẹ̀ kúrò lórí ìdúró rẹ̀ báyìí, ọwọ́ obìnrin tó tinrín bíi tìrẹ kò lè dá a padà. Ìwúwo ni ọ̀tá rẹ. O wá fẹ́ lọ ra èyí tó tún wúwo bẹ́ẹ̀ sínú ilé.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà pé o ti tó ọmọ ọdún báyìí kí o tó máa kọ́ kẹ̀kẹ́. Nílé wa, àwọn ọmọkùnrin ló ń fi owó oúnjẹ háyà kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n ń dìde, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. Ọmọbìnrin tó bá sún mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n á pè é wọlé kó wá lọ ata. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn, èyí tó ti Nottingham wá, irin gbọọrọ kan ló dá a lágbedeméjì láti ìdí ìjókòó dé ọrùn. Báwo ni obìnrin tó ró aṣọ ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìyẹn? Wọn ò ṣe é fún wa. Nítorí náà, tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, èyí tí irin àárín rẹ̀ dẹ̀ wálẹ̀ ni kí o béèrè, èyí tí o lè rọra gbé ẹsẹ̀ wọ̀ láìta ẹsẹ̀ sókè. Step-through ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ti àwọn ìyá àgbà nìyẹn, fi í sílẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já gbọ́dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ kílò, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kẹ̀kẹ́ oníná tó wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ń wọn kílò 22 sí 27. O mọ báàgì tí a máa ń dì lọ sí Nàìjíríà, kílò 23 tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń gbà? Òun náà nìyẹn. Rántí bí o ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí o gbé ọ̀kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta ilé rẹ, nítorí pé lífìtì yín kì í ṣiṣẹ́. Báàgì náà ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e, kò sì ní pẹ́dà tí yóò máa gún ọ ní ojúgun. Ṣé ìyẹn ni o fẹ́ máa gbé gòkè lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru? Lọ́sẹ̀ kejì, o ti fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ nísàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, olè ti gbé e.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù á sọ fún ọ pé ìwúwo kò já mọ́ nǹkan kan lára kẹ̀kẹ́ oníná, pé ẹ́ńjìnnì á bá ọ gbé e. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlàjì ni. Ẹ́ńjìnnì máa ń fi ìwúwo pamọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ. Tó bá ti dúró, ìwúwo náà á jáde. Á jáde níbi iná pupa, á jáde nígbà tí o bá fẹ́ gbé e gun ẹ̀gbẹ́ títì, á jáde nígbà tí o bá fẹ́ yí i padà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, á sì jáde lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà tí o ní láti fi ẹsẹ̀ rẹ nìkan wà á délé. Gbogbo ibi tí àyà ẹni tó ń bẹ̀rù ti ń já náà nìyẹn. Ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ogún ọdún kò ní rí i. Ìwọ á rí i.

Nítorí náà, òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ọ: kí kẹ̀kẹ́ náà má ju kílò 17 lọ, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́dà, pẹ̀lú gátà tó ń dènà omi ẹrẹ̀, pẹ̀lú iná. Má gba kílò tí wọ́n kọ sínú ìwé gbọ́. Àwọn mìíràn máa ń yọ pẹ́dà kúrò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, àwọn mìíràn kì í ka bátìrì mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n tó ní irin ìkọ́ tí a fi ń wọn ẹrù kí a tó lọ sí Heathrow wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná mi. Mò ń mú un bọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni a ó ti fi kọ́ kẹ̀kẹ́ náà, níwájú ẹni tó ń tà á, mi ò ní tijú ẹnikẹ́ni.

Ṣé o ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kékeré kò ní lè gbé ọ gun òkè Dog Kennel Hill? Gbọ́ mi. Ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá, bí wáàtì 100 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa mú wá láìsinmi. Wáàtì 250 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ oníná. Ìyẹn ni pé yóò dà bíi pé ènìyàn méjì mìíràn ń bá ọ wà á, o kò sì sanra. Ó tó, ó ṣẹ́ kù. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ jáwọ́ tí o bá ti ń sáré tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ sì gbọ́dọ̀ máa yí pẹ́dà kó tó ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti pa òfin wọ̀nyí mọ́, tí ẹni tó ń gùn ún sì ti pé ọdún 14, kò nílò láísẹ́ńsì, kò nílò owó orí ọkọ̀, kò nílò ìnṣọ́ránsì. Bákan náà ni ti kẹ̀kẹ́ lásán.

Èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi ńkọ́? Wáàtì 1000, ọwọ́ tí a ń lọ́ tí yóò fi máa sáré láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ kan pẹ́dà rárá. Lójú òfin, kẹ̀kẹ́ kọ́ nìyẹn mọ́, alùpùpù ni. Ó nílò ìforúkọsílẹ̀, láísẹ́ńsì, ìnṣọ́ránsì, àti akoto ti alùpùpù. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró lórí rẹ̀ láìsí ìwé wọ̀nyẹn, wọ́n lè gbà á lọ. Ìwọ tí o ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì tí o ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ṣé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lo fẹ́ fi kún un? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rù, mo sì kà á sí ìkejì ìwúwo. Báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó ràn ọ́ lọ́wọ́? Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ohun kékeré kan wà nídìí pẹ́dà tó kàn ń mọ̀ bóyá pẹ́dà ń yí tàbí kò yí. Tí pẹ́dà bá ti yí díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á dìde pẹ̀lú gbogbo agbára tí o bá fún un, ì báà ṣe pé o kàn fẹ́ rọra yí kọ́nà. Tí o bá dá ẹsẹ̀ dúró, á tún máa tì ọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí. Fún ẹni tí àyà ń já, ìbẹ̀rù sórí ìbẹ̀rù nìyẹn. Irú kejì ni èyí tó ń wọn bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe tẹ pẹ́dà le tó. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á ràn ọ́ lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan nítorí òkè, á fi agbára kún un. Tí o bá dẹwọ́, òun náà á dẹwọ́. Torque sensor ni orúkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, jáde kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì wá kù, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Kò sí bí kẹ̀kẹ́ á ṣe fúyẹ́ kí bátìrì rẹ̀ sì tóbi. Èyí tó fúyẹ́ máa ń ní bátìrì bíi 250 sí 350 wáàtì-wákàtí (Wh), nígbà tí àwọn abara wúwo ń ní 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kẹ̀kẹ́ rẹ ń jẹ 10 Wh ní kìlómítà kan, pẹ̀lú òkè, pẹ̀lú atẹ́gùn, pẹ̀lú báàgì oúnjẹ rẹ. Àlọ àti àbọ̀ rẹ kò pé kìlómítà mẹ́fà, ìyẹn 60 Wh. Bátìrì 250 á gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó nílò iná. Nígbà òtútù, á dín kù díẹ̀, torí òtútù ń fa agbára bátìrì sẹ́yìn. Síbẹ̀, ó tó. Kí lo fẹ́ fi bátìrì tó lè dé Brighton ṣe?

Ibi tí bátìrì wà lára kẹ̀kẹ́ ló ṣe pàtàkì jù fún ilé bíi tìrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́, inú irin ni wọ́n fi bátìrì pamọ́ sí. Ó dùn ún wò, ẹni tó bá rí i kò ní mọ̀ pé oníná ni. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ fún un ní iná, odindi kẹ̀kẹ́ ni o gbọ́dọ̀ gbé dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ibi tí ẹ ń kó kẹ̀kẹ́ sí nísàlẹ̀ kò bá ní iná, o ti há. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, o lè fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ lábẹ́ àgádágodo, kí o gbé bátìrì nìkan gòkè. Bátìrì nìkan kì í sábà ju kílò mẹ́ta lọ, orúnkún rẹ á dúpẹ́. Ní tìrẹ, Àbẹ̀kẹ́, bí méjì bá jọ wu ọ́, mú èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ.

Bátìrì náà la tún gbọ́dọ̀ bẹ̀rù tìṣọ́ratìṣọ́ra. Iná tí bátìrì lithium bá dá sílẹ̀ kì í fún ènìyàn láyè. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èéfín, á sì gba yàrá kan kí o tó wọ bàtà. Ilé iṣẹ́ panápaná London ti ń kìlọ̀ fún gbogbo wa nípa rẹ̀, ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ChargeSafe. Àwọn bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ lásán tí ẹnì kan so ẹ́ńjìnnì mọ́ nínú ilé rẹ̀, àwọn ni kí o sá fún. Ìdí tí inú fi bí mi sí àwòrán rẹ gan-an nìyẹn. Má ṣe fún bátìrì ní iná nígbà tí o bá ń sùn. Ìwọ tí o ń sùn lọ́sàn-án, mo mọ bí oorun rẹ ṣe máa ń wúwo. Má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ ọ̀nà àbájáde yín, torí tí iná bá sọ níbẹ̀, ibo lo fẹ́ gbà jáde láti àjà kẹta? Tó bá ti kún, yọ ọ́. Fi aago èéfín sí yàrá náà. Mi ò bẹ̀ ọ́ lórí èyí o, mò ń pàṣẹ ni.

Nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ náà ni TfL, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, fi gbẹ́sẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ṣeé ká nínú rélùwéè wọn láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025. Ó kan Tube, Overground, DLR, àti Elizabeth line tí o máa ń wọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Abbey Wood. Èyí tó ṣeé ká nìkan ni wọ́n gbà, o sì gbọ́dọ̀ ká a. Bí o bá rò pé o fẹ́ máa gbé e wá kí mi, rò ó mọ́ ọn.

Èwo wá ni kí o lọ wò? Méjì ni mo fẹ́ kí o gùn kí o tó pinnu. Ọ̀kan ni Brompton oníná, èyí tí wọ́n ń pè ní C Line. Ọmọ London ni kẹ̀kẹ́ náà: Andrew Ritchie ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970 nínú fúláàtì rẹ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Brompton Oratory, Greenford níbí ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ó ń wọn nǹkan bíi kílò 17 pẹ̀lú bátìrì. Bátìrì rẹ̀ wà nínú báàgì kékeré níwájú, o kàn ń yọ ọ́ ni, ohun tó kù á fúyẹ́ dé bíi kílò 14. Ó ń ká wẹ́rẹ́, ó ń wọ abẹ́ tábìlì, rélùwéè sì gbà á. Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára rẹ̀ fún ọ ni pé táyà rẹ̀ kéré. Táyà kékeré máa ń yára dá ọwọ́ lóhùn. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á gbọ̀n, kòtò ojú títì á sì di ohun tí o gbọ́dọ̀ máa wò. Àwọn kan á mọ́ ọn lára kíákíá. Àwọn kan kò ní fẹ́ràn rẹ̀ láéláé. Orí rẹ̀ nìkan lo ti lè mọ̀.

Èkejì ni Turbo Vado SL ti Specialized, ti ìran àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ẹ̀dà tí irin àárín rẹ̀ dẹ̀. Bíi kílò 15 ni, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 320 Wh, táyà rẹ̀ tóbi, ó sì dúró ṣinṣin lábẹ́ ènìyàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí pẹ́dà, ó ń wọn ẹsẹ̀ rẹ bí mo ṣe ṣàlàyé. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe, o lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú irin ni bátìrì rẹ̀ wà, kò ṣeé ká, rélùwéè TfL kò sì gbà á. Tí àwọn ará ilé yín bá lè fún ọ láyè níbi tí iná wà nísàlẹ̀, tàbí tí kílò 15 kò bá ni ọ́ lára láti gbé gòkè, èyí ni ọkàn mi yàn fún ẹni tó ń kọ́ láti fọkàn balẹ̀. Kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ilé yín kí a tó lọ.

Ìjánu: kí ó jẹ́ olómi tàbí èyí tí ìka méjì lè fà dáadáa, ìka rẹ kò gùn. Akoto: òfin kò fi dandan lé e fún kẹ̀kẹ́, èmi fi dandan lé e.

O ń sọ pé owó rẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ méjèèjì yìí lè ju £2,000 lọ tó bá jẹ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o lọ bá àwọn tó ń bójú tó owó oṣù yín níbi iṣẹ́, kí o béèrè nípa Cycle to Work. Láti 1999 ni ìjọba ti gbé e kalẹ̀: ibi iṣẹ́ rẹ á ra kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ kí wọ́n tó yọ owó orí, èyí á sì mú kí iye tí yóò jáde lọ́wọ́ rẹ dín kù dáadáa. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kì í gbà kọjá £1,000. Ní 2019, ìjọba là á yé wọn pé wọ́n lè kọjá bẹ́ẹ̀, ó wá ṣeé lò fún kẹ̀kẹ́ oníná. Béèrè bí yóò ṣe kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ, má kàn fọwọ́ síwèé. Fi owó àgádágodo sínú ìṣirò rẹ, èyí tí Sold Secure, àwọn tó ń dán àgádágodo wò, fún ní ipò Gold tàbí Diamond. Ó wúwo, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ibì kan náà ni o ń so kẹ̀kẹ́ sí níbi iṣẹ́, o lè máa fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí o bá ti rà á, o kò gbọdọ̀ gbé e sí ojú títì lọ́jọ́ kìíní. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní London ní olùkọ́ kẹ̀kẹ́ fún àgbàlagbà, ti Southwark sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń gbé níbẹ̀. O kò gbọ́ rí, àbí? Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Rọ ìjókòó wálẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á fi kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Pa ẹ́ńjìnnì, fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yọ́ lọ, kọ́ bí a ṣe ń dúró kí o tó kọ́ bí a ṣe ń lọ. Ìdúró ló gbé ọ ṣubú, òun ni kí o kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Tí ó bá ti mọ́ ọ lára, gbé ìjókòó sókè díẹ̀díẹ̀, tan ẹ́ńjìnnì sí ìwọ̀n tó kéré jù. Lẹ́yìn náà, bọ́ sí Surrey Canal Walk, ojú ọ̀nà tó ti ilé ìkàwé Peckham lọ sí Burgess Park. Ipa omi tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Ó tẹ́jú pátápátá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tẹ aago rẹ láti òkèèrè. O lè wà níbẹ̀ fún oṣù kan, ẹnikẹ́ni kò lé ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń bọ̀. Mo ti sọ fún ìyá rẹ. Wọ ṣòkòtò àti bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, má wọ yẹ̀rì gígùn. Mú báàgì tí o ń gbé lọ síbi iṣẹ́ dání, kí o sì kó ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ sí i, ká lè mọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí pẹ̀lú ẹrù. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní kò sí àyè láti gùn ún wò níta, a ó kí wọn pé ó dàbọ̀, a ó kọjá sí òmíràn. O máa gun ọ̀kọ̀ọ̀kan, o máa dúró, o máa sọ̀ kalẹ̀, o máa gbé e gun àtẹ̀gùn kan bí wọ́n bá ní. Bí àyà rẹ bá já lórí kẹ̀kẹ́ kan, sọ fún mi, má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́ ọn nítorí ẹni tó ń tajà. A ò ní san owó kankan lọ́jọ́ náà bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi ọ́ sí iṣẹ́ òru ọjọ́ Ẹtì, fi tó mi létí ní kíá, kí n sún un sí ọ̀sán. Kọ́kọ́ sùn dáadáa.